Ta Ló Pa Kọ̀ǹpútà Ọmọ Mi?

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Akínyẹlé nígbà tí òórùn rọ́bà tó jóná ta sí mi nímú láti inú pálọ̀. Kọ̀ǹpútà ọmọ mi ló kú. Kí n tó dìde, ọmọ mi ọkùnrin ti ń pariwo mọ́ Àṣàkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ: "Géèmù tí ò ń tẹ̀ gbá-gbá-gbá ló bà á jẹ́! Lọ mú pàṣán wá!"

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, òórùn yẹn gbé mi padà sí ìgbà èwe mi. Irú rẹ̀ gan-an ló jáde lára rédíò bàbá mi, rédíò onípákó tó fẹ̀ débi pé adìẹ wa ń yé sẹ́yìn rẹ̀. Làsísì tó ń tún rédíò ṣe wò ó fìrí, ó ní, "Ọmọ yín yìí ló ti ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́." Irọ́ gbuu! Bàbá mi nà mí títí ẹyẹ ẹ̀gà mẹ́ta fi já bọ́ látorí igi nítorí igbe mi. Nílé ìwé, wọ́n sọ mí ní Apa-rédíò. Ìyẹn ló mú mi fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, kì í ṣe pé mo gọ̀.

Mo búra pé màá gbẹ̀san. Odindi ìgbà òjò kan ni mo fi ń ṣeré lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù Làsísì, tí mo ń jí iṣẹ́ rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà pé jọ síwájú mọ́ṣáláṣí láti gbọ́ ìròyìn lórí rédíò tirẹ̀. Rédíò yadi. Ni Làsísì bá di ẹ̀bi ru ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo bọ́ síwájú, mo ṣí ẹ̀yìn rédíò, mo yí bátìrì kan tó dorí kodò padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí i, ó pàtẹ́wọ́: "Ọ̀gá atúnrédíòṣe, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹ̀rín ọjọ́ náà ló lé Làsísì dé Akanran. Ta ló dorí bátìrì kodò? Ẹ má bi mí.

Nítorí náà, mo ní kí Àṣàkẹ́ má mú pàṣán kankan wá. Èmi tí mo ti ń fi iṣẹ́ àtúnṣe jẹun látìgbà náà, mo ki ṣájà fóònù mi bọ ojú iná, iná wà. Mo pààrọ̀ wáyà, kọ̀ǹpútà ò mí. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo já ẹnu wáyà páwápáàkì, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, kúrò. Láti jí i ní òun nìkan, mo fi wáyà tín-ín-rín so ojú wáyà aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ti dúdú, kí n tó dá iná padà. Bí páwápáàkì náà bá wà láàyè, fáànù inú rẹ̀ ì bá yí. Kò mira.

"Páwápáàkì ló jóná," ni mo wí. "Ìka ọmọdé kì í jó o. Iná tó dé pẹ̀lú agbára láàárọ̀ yìí ni. Sitabiláísà tó yẹ kó gba iná náà dúró ńkọ́? Ta ló yọ ọ́?"

Ọmọ mi wolẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Mo fi so tẹlifíṣọ̀n lánàá, kí n lè wo bọ́ọ̀lù."

"Ó dáa. Tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ ẹ."

Nílẹ̀ wa, bàbá kì í tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ. Bàbá tèmi kú láì sọ ọ́ fún mi. Mo jókòó, mo nasẹ̀, mo ń gbádùn ara mi. Ọmọ mi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Àṣàkẹ́, má bínú."

Pákó rédíò ti di irin kọ̀ǹpútà, kò sì sẹ́ni tó ń pé jọ torí ìròyìn mọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé, ọmọ tó kéré jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò lójú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Àṣàkẹ́ nu omijé, ó ní:

"Mi ò gbọ́ dáadáa, Dádì. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì ti ọjà Ṣáṣá dé ná, kí ẹ wá tún un sọ."