Apantesis lójú ọ̀nà Kilibo

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi ṣì ń wú!

Láàárọ̀ yìí, tata wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ń ti Mẹ́kà bọ̀. Gbogbo ilé gun alùpùpù, ó di ọ̀nà Kilibo. Inú ń bí mi. Ṣebí bọ́ọ̀sì á gbé e dé Tchaourou, ìlú wa, fúnra rẹ̀? Kí ló dé tá a fi ń fi epo ẹsáńsì ṣòfò?

Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ jókòó lẹ́yìn mi. Ó ní:
"Ẹ̀gbọ́n, àwọn Gíríìkì ní orúkọ fún ohun tá à ń ṣe yìí. Apantesis."
"Kí nìyẹn?"
"Inú ọ̀rọ̀ wọn fún 'ojúkojú' ló ti wá. Bí ọba bá ń bọ̀, ará ìlú á jáde lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n á wá sìn ín wọlé. Òun náà ni Bíbélì lò fún àwọn wúńdíá tó lọ pàdé ọkọ ìyàwó."

Àwọn Gíríìkì tí kò mọ Tchaourou rí ló ní orúkọ fún ohun tá à ń ṣe!

Bọ́ọ̀sì dé. Tata rí wa, ó bọ́ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún:
"Èmi náà lẹ wá pàdé báyìí?"

A yí alùpùpù padà, fèrè ń dún, a sin ọba wa wọlé.

Ta lẹ̀yin náà ti lọ pàdé lọ́nà rí?