Ẹni Keje Nínú Ìwé Kọ́ńpìnì

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo bá kunlékunlé lórí àkàbà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tó ti ń fi ọ̀dà funfun kọ lẹ́tà ńlá ńlá sókè ilẹ̀kùn. N kò rán an níṣẹ́. Mo bi í pé ta ló rán an, ó ní àbúrò ọkọ mi ni, pé òfin ló ní kí wọ́n kọ orúkọ kọ́ńpìnì sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo ní ilé ta? Ó ní ilé kọ́ńpìnì. Mo di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú, mo ń mì í títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ọ̀dà dà sí i lára láti èjìká dé ẹsẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo ti darúgbó báyìí, n kò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù wórobo ni, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ọjà Támálè ní Gánà: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìgò fìtílà, abọ́ tánganran. Èmi àti ọkọ mi la jọ mọ ọ́n. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀ láti inú kànga Sóńgò Mọ́ṣì, àdúgbò àwa àlejò, pẹ̀lú oyún nínú. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi ti kú, àwọn ará ilé rẹ̀ sì gbà pé ohun tí òkú bá fi sílẹ̀, ti alààyè ni, àfi tí alààyè náà bá jẹ́ obìnrin.

Ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnì yìí, ọkọ mi gan-an ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìgbà ogun àwọn òyìnbó ni, ọjà wọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kó aṣọ àti iyọ̀ wá láti etí òkun kì í fẹ́ dá oníṣòwò kékeré lóhùn. Òun, àbúrò rẹ̀, àti àwọn ará wa márùn-ún láti Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin bá pinnu pé àwọn náà á di kọ́ńpìnì. Wọ́n wá lọ́yà lọ sí Kùmásì. Lọ́yà ní ó dára, ṣùgbọ́n òfin ní ohun tó ń fẹ́. Ènìyàn méje ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà, kì í ṣe mẹ́fà. Kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì kọ iye ìpín tó mú nínú owó òwò náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n sọ irú òwò tí wọ́n fẹ́ ṣe. Kí kọ́ńpìnì ní ilé kan pàtó tí lẹ́tà ìjọba á máa dé sí. Kí “Límítẹ́ẹ̀dì” sì gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé bí gbèsè bá dé, ìpín tí kálukú mú nìkan ló máa bá a lọ, wọn ò ní wá tú ẹrù inú yàrá ẹnikẹ́ni. Èyí ló wu ọkọ mi jù. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ ìkòkò mi kalẹ̀ lórí iná nítorí òwò òun.

Ibà ló pa á kí ìwé náà tó ti Kùmásì dé. Mo wọ tákàbá, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí kì í fi jáde. Inú yàrá mi ni mo wà tí wọ́n tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tí wọn ò tilẹ̀ dúró de ẹlẹ́rìí kankan. Mo ń gbọ́ wọn. Àwọn mẹ́fà ti àtàǹpàkò bọ inú yínkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan ipò ẹni keje, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ ọkọ mi sí láti Kùmásì, àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n má dààmú, ó sì tún tẹ tirẹ̀ síbẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Lójú tiwọn, kò ṣe ohun burúkú kan. Nílé wa, bí ẹ̀gbọ́n bá rìnrìn àjò, àbúrò ló ń gba ẹrù fún un, òun ló ń dúró fún un níbi yìgì. Ta ló máa sọ pé ọwọ́ àbúrò kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n? Ilé ọkọ mi ni wọ́n sì kọ pé lẹ́tà á máa dé sí, ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo ti bọ́ tákàbá nígbà tí mo lé kunlékunlé yẹn; ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ bá àbúrò ọkọ mi. Mo jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà mi ò gbọdọ̀ sọ “ìwọ” sí i, “ọkọ mi” ni mo sì gbọ́dọ̀ máa pè é. Mo kúnlẹ̀ bí ìyàwó ilé.

“Ọkọ mi, ta ló fún yín ní ṣọ́ọ̀bù mi?”

“Sannu, ìyàwó. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti wà nínú ìwé.”

“Ẹ kọ orúkọ tèmi sí ipò keje nígbà náà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Obìnrin? Wallahi, o fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní kásúwà, lójú gbogbo ọlọ́jà. Jẹ́ kí n ṣú ọ lópó. Tí o bá ti wà lọ́wọ́ mi, ìpín mi ni ìpín rẹ.”

“Ẹ̀yin tí ìyàwó yín méjèèjì ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ mi?”

“Ẹnu rẹ ló máa lé ọ kúrò nílé yìí.”

“Ẹ lé mi ká wò ó.”

Mo jáde. Inú bí mi sí ọkùnrin náà, inú sì bí mi sí òkú pàápàá, pé nígbà tó ń ka ènìyàn méje, kò ka èmi tí mo sùn tì í.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, akọ̀wé lọ́yà dé láti Kùmásì, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń sọ Hausa bí ẹni ń jẹ òkúta. Ó ní òun ni ẹlẹ́rìí, òun kò sì ní buwọ́ lu ohun tí ojú òun kò rí. Ó ní kí kálukú tún fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ìwé mìíràn. Àtàǹpàkò àbúrò ọkọ mi ní àpá ọ̀bẹ láàárín. Akọ̀wé wo àpá yẹn, ó wo ìwé àkọ́kọ́, ó bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

“Ti ẹ̀gbọ́n mi.”

“Níbo ló wà?”

“Ó rìnrìn àjò.”

Omi ni mo gbé wá fún wọn. Mo gbé e kalẹ̀. “Ó ti kú,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ, kí n fi sàréè rẹ̀ hàn yín.”

Akọ̀wé ká ìwé. Ó ní òkú kì í mú ìpín, pé mẹ́fà kì í ṣe méje, pé òun ń bá lọ́rì lọ láàárọ̀ ọ̀la, bí òun bá sì gbé e padà báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn márùn-ún yòókù wo àbúrò ọkọ mi bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó jẹ iṣu wọn.

“Èmi ni keje,” ni mo wí. “Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yá kọ́ńpìnì ní ṣọ́ọ̀bù mi ni, n kò fi ta á lọ́rẹ.”

“Kò ní ṣẹlẹ̀!” Àbúrò ọkọ mi ti dìde.

Àgbà Ìlọrin tó wà láàárín wọn ní, “To, ìwọ mú ẹlòmíràn wá kílẹ̀ tó mọ́.” Kò ní ẹni tó máa mú wá, nítorí gbogbo Sóńgò ló máa gbọ́ pé wọ́n tẹ ọwọ́ fún òkú. Ó jókòó padà.

Akọ̀wé ní òfin kò bèèrè akọ tàbí abo, kí ènìyàn ti bàlágà, kó sì wà láàyè, ó parí. Ṣùgbọ́n kí òun tó pa orúkọ kan rẹ́, òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu opó rẹ̀.

“Ta ló kú?”

“Ọkọ mi.”

“Orúkọ?”

“Bàbá àwọn ọmọ mi.”

“Orúkọ tó wà nínú ìwé, uwargida, ìyá ilé.”

Àbúrò ọkọ mi fẹ̀yìn ti ògiri. “Kò lè pè é. Ìyàwó ilé wa kì í pe orúkọ ọkọ.”

Òótọ́ ló sọ. Obìnrin tó bá pe orúkọ ọkọ rẹ̀, a ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé. Mo wo àwọn márùn-ún yẹn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló mọ orúkọ náà, gbogbo wọn ló ti jẹ túwó lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó bá mi pè é.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò nílé ọkùnrin yẹn. N kò pe orúkọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀, n kò pè é lẹ́yìn rẹ̀, n kò pè é lórí ẹní àìsàn nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ lára rẹ̀. Mo wá pè é níwájú wọn, òun àti orúkọ bàbá rẹ̀, ketekete. Akọ̀wé ní ó ti tó, ó fa ìlà pupa kọjá lórí orúkọ náà, ó sì ní kí n na àtàǹpàkò mi wá.