Ọrùn Tí Kò Tẹ̀

"Tẹrí ba díẹ̀ sí i, ọmọ mi."

Ìyá àgbà mi ń dirun lábẹ́ ìbòòji ilé wa ní Farin Gada, níhà àríwá. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti dé, òórùn àdí àgbọn ọwọ́ wọn sì dàpọ̀ mọ́ òórùn tòmátì tó ń fẹ́ wá láti ọjà. Kòlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń dì. Irun náà ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìpàkọ́, nítorí náà ẹni tí a ń dì í fún gbọ́dọ̀ tẹrí ba kí wọ́n tó lè parí rẹ̀. Ọmọdébìnrin ará ilé kejì ló jókòó sáàárín orúnkún wọn, ẹni tí mo padà fi ṣe aya.

Kò tẹrí ba. Ìyá àgbà rọra fi ọwọ́ tì í, ó ké.

"Ẹ má dá a lóhùn, Màmá," ni ìyá rẹ̀ wí, níbi tó ti ń ṣa ata. "Láti àárọ̀ ló ti ń pariwo pé orí ń fọ́ òun. Kò fẹ́ dirun ni, alágídí!"

Àwọn tó ń dirun lọ́dọ̀ ìyá àgbà sábà máa ń ráhùn orí fífọ́, ìyá àgbà a sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà, wọ́n yí ojú rẹ̀ sí oòrùn. Ó fi apá bojú.

"Ara rẹ̀ gbóná. Ìmọ́lẹ̀ ń ni ín lára. Ọrùn rẹ̀ le bí igi. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù."

"Haba, Màmá! Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Ṣé olórí àbọ̀ ni kí n gbé gba àárín ọjà?"

"Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo bà á jẹ́. Ó lè jẹ́ sankarau. Ẹ dìde!"

Sankarau ni àwọn Hausa ń pe àìsàn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ, tó máa ń jà nígbà ooru. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé ìyá rẹ̀ dìde. Ìyá àgbà tú gèlè orí wọn, wọ́n fi bo irun tí kò parí náà, wọ́n sì bá wọn wọ takisí. Sankarau ni lóòótọ́. Ọmọ náà pẹ́ lọ́sibítù, ṣùgbọ́n ó padà wálé.

Ó dàgbà, ó bímọ, ó rí ọmọ-ọmọ. Àìsàn mìíràn ló mú un lọ lọ́dún tó kọjá.

Títí di òní, bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bá ní orí ń fọ́ òun, mo máa ń bi í: ṣé ó dé lójijì bí ààrá? Ṣé ara gbóná? Ṣé ọrùn le tí kò tẹ̀? Ṣé ojú ń ṣe bàìbàì, tàbí ahọ́n ń wúwo? Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a kì í dúró lo oògùn, ọsibítù ni.

"Dókítà Bàbá tún ti dé," ni wọ́n máa ń wí. "Ta ló tilẹ̀ kọ́ yín?"

Mo máa ń gbórí sókè dáhùn: ìyá àgbà mi ni. Onídìrí ni wọ́n. Àwọn ló dá ìyá yín sí fún yín.