Ìkòkò Ìdí Àgbọn

N kì í mu omi àgbọn. Àwọn ọmọ mi rò pé inú mi ni kò gbà á, wọ́n sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àlejò tó ń wọlé wa n'Ìkòròdú títí ó fi di òtítọ́. N kò já wọn nírọ́. Àgbọn kan wà ní àárín ọgbà wa, ó ga ju òrùlé lọ, ó sì ń so dáadáa; ẹni tó bá jẹ nínú rẹ̀ máa ń ní òun ò tíì jẹ èyí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mo gbẹ́ ihò tí a gbìn ín sí. Ìró ọkọ́ mi lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò létí mi, bẹ́ẹ̀ mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí.

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ tíṣà, ọdún díẹ̀ kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀. Ẹ má fojú kéré tíṣà ayé ìgbà náà o! Ṣòkòtò mi funfun báláú, bàtà mi ń dán, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè mí ní Tíṣà, ìyàwó mi pẹ̀lú. Mo ra ìwé àlòkù kan l'Ékòó, ìwé nípa àwọn onírònú ìjìnlẹ̀ ayé àtijọ́, àwọn tó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn bèèrè pé kí ni òtítọ́, kí ni ẹ̀mí, kí ló dé tí ohun tó wà fi wà. Ìdajì ìwé náà kò yé mi. Ìdajì tó yé mi ló bà mí jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé inú ọgbà ni àwọn kan nínú wọn ti máa ń jókòó ronú, láàárín ewébẹ̀ àti òdòdó. Háà! Mo ní ohun tí mo ti ń wá gan-an nìyí. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ọgbà rẹ̀ bá tọ́, orí rẹ̀ náà á tọ́.

Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Mo kan èèkàn mọ́lẹ̀, mo na okùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, mo sì ń kọ ebè tọ okùn náà gbọnrangandan. Mo gbin tòmátì, ata, ṣọkọ, àti kábéèjì tí oòrùn Ìkòròdú kò jẹ́ kó ká rí. Ewé tó bá yọrí kọjá okùn, mo máa gé e dànù. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tíṣà mẹ́ta ẹlẹgbẹ́ mi á wá, a óò gbé àpótí jókòó, a óò máa jẹ ẹ̀pà, a óò sì máa jiyàn bóyá àpótí tí a jókòó lé wà lóòótọ́ tí kò bá sí ẹni tó ń wò ó. Ìyàwó mi á yọjú láti ilé ìdáná, á ní, "Tíṣà, tí àpótí yẹn ò bá sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde ńlẹ̀ kí n gbá ibẹ̀." Àwọn ọ̀rẹ́ mi á bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò jẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àìmọ̀wé ló ń dà á láàmú.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó mi, ọmọ àwọn Mùsùlùmí tó ń pẹja, tó sì ń ṣòwò lórí ọ̀sà. Nígbà tó bí àkọ́bí wa, ọmọbìnrin, ìyá rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́ láti wẹ ọmọ, ó sì gbé àgbọn kan tó ti hù dání nínú apẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé tiwọn nìyẹn. Wọ́n kó ibi ọmọ, èyí tó tẹ̀lé ọmọ jáde láti inú ìyá rẹ̀, sínú ìkòkò amọ̀ kékeré kan, wọ́n dé e, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbin àgbọn náà lé e lórí. Ìyá ìyàwó mi ní àgbọn ọmọ nìyẹn, pé àwọn méjèèjì á jọ máa dàgbà. Kò wo okùn mi rárá. Àárín ọgbà gan-an ló gbìn ín sí, láìtọ ìlà kankan. Ó dùn mí wọnú eegun, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí ìlà?

Ọmọ náà àti àgbọn jọ ga lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ á mú un dúró ti igi náà láàárọ̀, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, á wo ẹni tó ga ju ẹnì kejì lọ, ọmọ náà á sì máa nàgà kó lè borí. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́ta tí gìrì mú un. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ó ti parí.

Àwọn àgbà ilé wa ló gbé e lọ. Nígbà náà, wọn kì í jẹ́ kí bàbá àti ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ wọn sí. Wọ́n ní kò yẹ kí ojú òbí rí i. A kò bèèrè. Kò sí fọ́tò. Àwọn aṣọ rẹ̀, wọ́n ti kó wọn kúrò nílé kí ìyá má baà máa rí wọn. Ohun kan ṣoṣo tó kù láyé tí ìyàwó mi lè fọwọ́ kàn, kó sì sọ pé ọmọ òun nìyí, ni àgbọn yẹn àti ìkòkò tó wà nídìí rẹ̀.

Àràárọ̀ ló ń bu omi sí i. Ó ń kí i, ó ń bi í bóyá ó sùn dáadáa. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá, ọkàn mi á máa gbọgbẹ́. Dípò kí n jáde lọ bá a sunkún, àlàyé ni mo lọ ń ṣe. Mo ní igi kò létí. Mo ní kò sí ohun tó ń sọnù láyé, ó kàn ń yí padà ni, pé ìwé mi sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ò lè sunkún ọmọ yín ni?" Mo kàn padà sídìí ebè mi, mo ń fa koríko tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó wá sinmi lọ́dọ̀ òun fún ìgbà díẹ̀. Mo sìn ín dé èbúté. Nígbà tó ti wọnú ọkọ̀, ó tún nawọ́ di apá mi mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa bu omi sídìí àgbọn." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa ránṣẹ́ pé òun gbọ́ nípa ìjókòó wa, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún ara mi pé a nílò àyè ní àárín ọgbà fún àga ọ̀gá, pé mo kàn fẹ́ ṣí àgbọn náà lọ sí ẹ̀bá ọgbà ni. Irọ́ ni. N kò fẹ́ máa rí i mọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí i ni mo ń rí ọmọ tó ń nàgà. Mo gbé ọkọ́, mo ń gbẹ́ ẹ nínú ọyẹ́ gbígbẹ, mo sì ń gé gbòǹgbò rẹ̀ bó ti ń bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọkọ́ mi ba ìkòkò, ìkòkò sì fọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Mo tún fẹ́ wò ó. Nígbà tí mo wò ó, ilẹ̀ dúdú ni, ilẹ̀ dúdú lásán, ó rọ̀, ó tutù. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí: inú mi dùn! Mo ní òun náà nìyí, mo ti wí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé mi pé irú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ṣòfò. Mo bá bù ú, mo fọ́n ọn sórí ebè tòmátì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo rò ó pọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Àpáàdì ìkòkò náà, mo dà á sí àkìtàn.

Ọ̀gá wá. Ó jókòó sójú ibẹ̀ gan-an, ó yìn mí, ó ní òun ò rí ọgbà tó tọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tòmátì mi pọ́n, ó tóbi, ó pupa bí mi ò ṣe rí i rí. Mo kó apẹ̀rẹ̀ kan ránṣẹ́ sílé ọ̀gá. Èmi náà fi iyọ̀ jẹ ọ̀kan.

Ìyàwó mi dé lójijì, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ọgbà ló gbà lọ tòun ti ẹrù lórí. Àwọn àpótí wa ló bá níbẹ̀. Ó yíjú, ó rí àgbọn rẹ̀ lẹ́bàá ọgbà, gbogbo imọ̀ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti dorí kodò. Kò pariwo. Ó bi mí, ohùn rẹ̀ sì lọlẹ̀: "Tíṣà, ìkòkò yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án."

Èmi tí mo ń bèèrè láti Sátidé dé Sátidé pé kí ni òtítọ́! Kò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó yí padà sí èbúté, ó wọ ọkọ̀ tó kàn, ó padà sí Ẹ̀pẹ́.

Mo fara da ilé náà fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ni mo tọ̀ ọ́ lọ. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja lẹ́yìn ilé nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀. Ó wá ní, "Ọkọ ọmọ mi, dìde. Ọmọ mi kò ní òun ò fẹ́ ọ mọ́. Ohun kan ló ń bèèrè. Ṣé ìkòkò yẹn ṣì wà níbẹ̀? Tó bá wà, a óò gbin òmíràn lé e, á sì bá ọ lọ. Tí kò bá sí, jọ̀ọ́, má purọ́ fún un. Jẹ́ kó mọ̀, kó lè sunkún rẹ̀ tán." Mo rí ẹsẹ̀ ìyàwó mi nísàlẹ̀ aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ó ń gbọ́ wa.

Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Kí ni ǹ bá sì wí? Pé mo ti fọ́n ọn sórí tòmátì? Pé kò sí ohun tó ń sọnù láyé, ó kàn ń yí padà ni? Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá." Àgbà obìnrin náà wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ gbé àgbọn mìíràn tó ti hù wá.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí a gbìn ín. Mo fàáké kọ́rí pé èmi ni n ó gbẹ́ ihò náà. N kò fẹ́ kó jìn. Bí mo ṣe ń gbẹ́ ẹ, ọkọ́ mi ba òkúta kan, ó dún kò. Ìyàwó mi fò sókè. Ó ní, "Òun nìyẹn?" Mo ní, "Òun ni." Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ihò, ó fi ìka ra òkúta náà lábẹ́ erùpẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ ra orí ọmọ. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Màmá ti dé." Ìgbà náà ni ẹkún mi já, ẹkún tí mo ti ń dì mọ́ra láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú. Ó fà mí mọ́ra. Ó ní, "Ẹ sun ún, Tíṣà. Ẹ sun ún dáadáa." Ó rò pé ọmọ nìkan ni mò ń sunkún.

N kò na okùn mọ́ nínú ọgbà yẹn. Mo fa gbogbo tòmátì tu. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ní ara mi ò yá, wọn ò sì wá mọ́ nígbà tó yá. A bí ọmọ méjì sí i, ọsibítù ni, kò sì sí ẹni tó fún wa ní ohunkóhun rì mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi á mú àwọn náà lọ sídìí àgbọn, á ní ẹ̀gbọ́n yín rèé, ẹ kí i. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àìmọye ìgbà ni mo ti la ẹnu láti sọ ọ́, tí mo bá wá rí i níbi tó ti ń bá òkúta sọ̀rọ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń dán, mo máa ń pa á dé. Mo ti fi gbogbo ìrònú mi wò ó bóyá ìtùnú tó wà lórí irọ́ lè jẹ́ ìtùnú tòótọ́. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òun ló ni ìtùnú náà, èmi ni mo ni irọ́, a sì jọ ń sùn nínú yàrá kan.

Ó kú ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí àárẹ̀ tó pa á wọ̀ ọ́ lára, ó pe àwọn ọmọ, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé òun lọ ibòmíràn, ìdí àgbọn ni kí wọ́n sin òun sí, kí òun lè sùn ti ọmọ òun, torí pé wọn ò jẹ́ kí òun mọ ibi tí wọ́n gbé e sí lọ́jọ́sí. Mo wà níbẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣé tí ẹ bá mi tọ́jú ìkòkò yẹn." Ibẹ̀ náà ni a sin ín sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fẹ́ mọ ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n sin èmi náà sí. Ojú ń tì í láti bèèrè. Ó ní àwọn ti jọ rò ó, pé apá kejì àgbọn ṣì ṣófo, kí gbogbo wa lè wà pọ̀, èmi, Màmá, àti ẹ̀gbọ́n àwọn. Mo wo igi náà láti ojú fèrèsé. Mo ní ó dára.