Orí Sàréè Màmá Ni Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Wà

Ojú ọ̀tún nìkan ló kù fún bàbá mi nígbà tí mo ra ráútà. Ti òsì ti fọ́ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Gilokóómà ni dókítà pe ohun tó mú un lọ, díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora, débi pé Bàbá fúnra wọn kò mọ̀ títí tó fi lọ tán. Dókítà tó wá yẹ ọ̀tún wò kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè wò ó sàn. Ohunkóhun tí Bàbá bá ṣì fẹ́ fi ojú rí, kí wọ́n tètè rí i.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà sí Ìrókò, mo bi wọ́n pé kí ló wù wọ́n kí wọ́n rí. Tíṣà ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ, mo rò pé Bíbélì onílẹ́tà ńláńlá ni wọ́n máa ní kí n rà.

"Àbúrò rẹ," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójú kojú. Fídíò tó ń fi ránṣẹ́ ò lè dá mi lóhùn."

Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ilé wa, ti wà lókè òkun láti ọdún mẹ́sàn-án. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì pé; tó bá jáde níbẹ̀, kò ní lè padà wọlé mọ́, nítorí náà kò lè wá. Tó bá fi fídíò pè wá, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Ìrókò á mú ojú rẹ̀, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, á wá gan sójú kan pẹ̀lú ẹnu lílà. Bàbá á gbé fóònù súnmọ́ imú wọn, wọ́n á ní, "Èwo ni ojú níbẹ̀?" A máa ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní kí n gbé wọn lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibẹ̀ dáa. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní inú ilé àwọn ni àwọn ti fẹ́ kí ọmọ àwọn, kì í ṣe etí títì.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbé ráútà, ẹ̀rọ tó ń fa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé, dé. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí wàhálà kankan nínú rẹ̀, pé kí n ṣáà ti ki síìmù bọ̀ ọ́, kí n tàn án, kí n tẹ pásíwọọ̀dù tó wà nídìí rẹ̀. Irọ́ gbuu. Mo ki síìmù bọ̀ ọ́, mo tàn án, iná pupa ló ń wò mí. Mo pe àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn ní kí n pa á, kí n ka ení dé ọgbọ̀n, kí n tún un tàn. Bàbá ló bá mi kà á láti orí àga wọn, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. A ka ọgbọ̀n tán, iná ṣì pupa. Obìnrin náà ní kí n wá ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan, kí n fi tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó lè gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo bọ́ yẹtí mi, mo fi tẹ̀ ẹ́. Ó gbàgbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná pupa kò kúrò.

"Má bú u," ni Bàbá wí, nítorí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. "Bóyá ibi tó wà ni ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbé e rìn."

Mo gbé e rìn. Orí tẹlifíṣọ̀n, ojú fèrèsé, ilé ìdáná, orí bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Ilé alájà méjì tí ẹnì kan kọ́ síwájú wa ló dínà. Òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà Mọ́níyà. Mo so wáyà iná gígùn mọ́ ráútà, mo gba ojú fèrèsé gbé e jáde, mo ń rìn kiri àgbàlá bí ẹni tó ń wá adìẹ tó sọnù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí ilé alájà méjì yẹn ti yà díẹ̀, pupa kú, àwọ̀ ewé jáde. Mo gbé e kalẹ̀ kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Kíá ni fọ́tò tí àbúrò mi ti fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta ṣí. Ìgbà náà ni mo tó wo ilẹ̀. Orí sàréè Màmá ni mo gbé ráútà lé.

"Ó ti mú?" Bàbá ló ń bi mí láti ojú fèrèsé.

"Ó ti mú, Bàbá, ṣùgbọ́n orí sàréè Màmá ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyá yín ò kúkú fẹ́ ká yọ òun sílẹ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Gbé àga jáde fún mi, ká pe àbúrò rẹ."

Mo gbé ráútà kúrò. Mo gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó pupa. Mo gbé e sídìí igi ọsàn, ó pupa. Àfi orí táìsì funfun tí a fi bo sàréè yẹn. Mo sọ fún Bàbá pé kò ṣeé ṣe, pé kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa wí tí wọ́n bá rí wáyà iná lórí sàréè ìyá ẹni. Bàbá ní ará ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló bí àbúrò mi.

Kì í ṣe tìtorí ará ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo tọ́jú Màmá títí wọ́n fi kú. Èmi ni mo dúró ti àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, èmi ni mo yan táìsì, èmi ni mo sì ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé tí mo bá wálé. Ohùn ni àbúrò mi fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìsìnkú, ohùn ẹkún, mo pa á kí n tó gbọ́ ọ dé ìdajì. Mo mọ̀ pé ìwé ló dè é mọ́lẹ̀. Mo mọ̀, mo ṣì ń bínú. Nígbà tí iná àwọ̀ ewé yẹn tàn, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ẹni tí kò wá sin wọ́n kò ní sọ àyà ìyá mi di tábìlì.

"Ọ̀sẹ̀ kan péré, Bàbá," ni mo wí. "Mo máa mú ẹni tó máa ri òpó gíga sórùlé wa wá, kó lè fa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé. Inú pálọ̀ ni ẹ ó jókòó sí bí ẹni iyì."

Wọ́n fi ojú kan yẹn wò mí. "Kò burú. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ọkùnrin tó ń ri òpó, ará Ọlọ́dò, ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Tọ́sìdeè ló dé, páìpù tó sì gbé wá kò ga tó òrùlé ilé tó dínà. Ó lọ wá èyí tó gùn. Òjò dé, ó ní òun kì í gun páànù tó tutù. Òjò dá, àna rẹ̀ bímọ, ó lọ síbi ìkómọ. Nígbà tó ráyè, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò dé sí ọ́fíìsì wa, èmi náà kò lè kúrò. Gbogbo rẹ̀ ló ní ìdí, mo lè kà wọ́n láìmí fún ẹni tó bá bi mí. Àbúrò mi ń bi mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn ti mú nílé?" Mo ní kò tíì mú. Irọ́ ni mo pa. Ó ti mú láti ọjọ́ kìíní.

Bàbá bi mí léèrè ní Sátidé kìíní, wọ́n tún bi mí ní ìkejì. Ní ìkẹta wọn kò bi mí mọ́. Ní ìkẹrin wọ́n da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, mo nù ún kúrò, mo ní ojú ọjọ́ ló ṣú. Ní ìkarùn-ún wọ́n wọ bàtà dúdú sẹ́sẹ̀ kan, búráùn sí èkejì. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn náà rẹ́rìn-ín.

Sátidé kẹfà ni òpó tó dìde. Iná àwọ̀ ewé tàn nínú pálọ̀, ó dúró gbọn-in. Bàbá ti wọ búbá tí a lọ̀, wọ́n dé fìlà. Mo gbé fóònù ti àwọn ìwé wọn lórí tábìlì, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wo ojú wọn kí n lè rí bí inú wọn ṣe máa dùn tó. Mo ti pe àbúrò mi; ó gbé ìpè náà. Àwòrán rẹ̀ kò gan, kò fọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ wò mí."

"Mò ń wò ẹ́," ni wọ́n wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. Fèrèsé ni wọ́n kọjú sí.

Àbúrò mi pè wọ́n. "Bàbá, apá ibí ni mo wà."

Wọ́n yí orí, wọ́n yí i kọjá fóònù. "Mo ti rí ẹ. O ti jọ ìyá rẹ jù."

"Ẹ tún wò mí, Bàbá." Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Mò ń wò ẹ́, ọmọ mi."

Wọ́n sọ̀rọ̀ òtútù, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣu ọdún yìí, ó sì dágbére. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo.

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni wọ́n wí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún ìyàwó ìbátan wa tó ń dáná fún wọn pé kó má sọ fún mi. "O ti ń ṣe wàhálà. Mi ò fẹ́ máa kán ẹ lójú."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ojú yẹn fi dúró dè mí kó tó lọ. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìbínú mi, irọ́ mi, àti sàréè. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n kàn fọwọ́ lé mi lórí, wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Báwo ló ṣe rí?" ni wọ́n wá bi mí. "Irun rẹ̀ ńkọ́? Àlàfo eyín rẹ̀ ṣì wà?"

N kò mọ̀. Ojú Bàbá ni mò ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn. Kí n má purọ́ mọ́, láti ìgbà tí a ti sin Màmá, n kò wo ojú àbúrò mi dáadáa rí. Tó bá ti fi fídíò pè, màá gbé fóònù fún Bàbá, màá kọjú síbòmíràn.

"Pè é padà," ni wọ́n wí. "Bá mi wò ó."

Mo pè é. Ó gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ti mọ̀. Mo jókòó sórí apá àga Bàbá, mo gbé fóònù síwájú ara mi, mo sì wò ó.

"Bàbá," ni mo wí, "ó ti rù. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àlàfo eyín náà wà níbẹ̀. Ó ń sunkún."

Bàbá ní kí n má sáré, kí n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí.