Àdín Lórí Mi

Lánàá, ọmọ mi, bó o ṣe ń fi àdín pa irun ọmọbìnrin rẹ, òórùn ẹ̀ gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa n'Ìkirè. Bàbá mi fi orúnkún há mi, ọwọ́ àgbẹ̀ tó le koko ni wọ́n fi ń di ṣùkú fún mi.

Ọ̀rẹ́ wọn ń kọjá: "Ìyàwó ilé, o kú iṣẹ́ o!"

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọn ò dáwọ́ dúró. "Ìyá ẹ̀ ń bọ̀ láti Àpòmù. Kò gbọdọ̀ bá orí ẹ̀ ní wúruwùru."

Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé ọkọ mìíràn ni ìyá mi lọ fẹ́ níbẹ̀.

Ṣùkú náà wọ́. Ìyá àgbà ilé wa fẹ́ tú u, mo fọwọ́ méjèèjì bo orí.

Tó o bá kọ ìtàn tí mò ń sọ fún ẹ yìí sílẹ̀ tán, gbé àdín yẹn wá, kó o fi pa irun tèmi náà.