Àpèkẹ́ Kì í Dúpẹ́ Níwájú Dókítà

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó dé Festac, lẹ́yìn tí àwọn àlejò àjọ̀dún ti lọ tán, ìyàwó Olúgbóyèga, akọ̀wé ìjọba àpapọ̀, ni gbogbo ènìyàn mọ Àpèkẹ́ sí. Kò pé ọdún méjì tí àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí fi ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n pọn ọmọ, tí wọ́n ń béèrè ilé ìyá tó ń báni dé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn. Ọmọ tó yẹ kó máa sáré kiri ni wọ́n ń pọ̀n wá. Ètè àwọn ọmọ náà rí bí ẹni pé wọ́n fi aró kùn ún, bí wọ́n bá sì rìn díẹ̀, wọ́n á lóṣòó kí wọ́n tó lè mí.

Iṣẹ́ tí kò lówó oṣù ni. Ó ń jẹ bàtà, ó ń jẹ sùúrù, ó sì ń mú kí ọkọ jẹ ẹ̀bà tútù.

Bùnmi, àkọ́bí rẹ̀, ló kọ́ ọ. Inú oyún ni ọmọ náà ti gbé ihò ọkàn wá. Gbogbo ìgbà tí dókítà bá béèrè ara ọmọ, èsì tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń fọ̀ ni Àpèkẹ́ ń fọ̀: "A dúpẹ́, sà, ara ti ń yá." Dókítà gbà á gbọ́, ó dá ọjọ́ tó jìnnà fún wọn. Ọmọ náà kò dúró de ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ àwọn ìyá: ẹ dúpẹ́ nílé, ẹ má dúpẹ́ níwájú dókítà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, òun àti Sìlífátù, ìyàwó dẹ́rẹ́bà kan ní Amuwo, jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwòsàn, torí nọ́ńbà ni ìjọba fi ń pín ọjọ́ tí mọ́tò lè rìn ní Èkó nígbà náà, ọjọ́ náà kò sì kan mọ́tò Olúgbóyèga. Mọ́ríyámọ̀, ọmọ Sìlífátù, wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àjíkẹ́, ìyá ọkọ Sìlífátù, tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ yẹn ni wọn yóò yan àwọn ọmọ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọmọ tí wọ́n bá kọ pé ara rẹ̀ ti ń yá, ilé ló ń padà sí.

"Bí dókítà bá ní ṣé ara ọmọ ti yá ńkọ́?" Àpèkẹ́ béèrè.

"Màá ní… a dúpẹ́."

"Sìlífátù!"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu."

Àjíkẹ́ pòṣé. "Ẹ̀yin ará Festac, ìwé yín ti pọ̀ débi pé ẹ̀ ń kọ́ ènìyàn láti pe àìsàn lé ọmọ lórí. Ẹ rọra o, Ìyá Bùnmi."

"Ìyá, ẹ máa bú mi lọ. Kó sáà ti sọ òótọ́."

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, nọ́ọ̀sì na ọwọ́ dí Àpèkẹ́. "Kí lẹ jẹ́ sí ọmọ?"

"Àǹtí ìyá rẹ̀ ni mí."

"Àǹtí tí ìyá bí, àbí àǹtí tí bọ́ọ̀sì bí? Gbogbo Èkó kúkú ni àǹtí ara wọn. Ìyá àti ìyá àgbà nìkan ló ń wọlé."

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Àpèkẹ́ sún mọ́ fèrèsé.

"Ṣé ara ọmọ ti ń yá?" Ohùn dókítà nìyẹn.

"A dúpẹ́, sà."

"Ṣé ó ń ṣeré?"

"Ọlọ́run ń ṣe é, sà."

Ìró bírò bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé. Àpèkẹ́ mọ ìró yẹn: dókítà ń kọ ọ́ pé ara ọmọ ti ń yá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Bó bá lọ jókòó, ta ni yóò bá a wí?

Ohùn Àjíkẹ́ ló bú jáde. "Dókítà, ẹ dá bírò yẹn dúró ná! Ìyàwó mi ò purọ́, ẹ̀kọ́ ilé ló ń dà á láàmú. Èmi náà, ẹnu mi ò gbà á. Ẹ ní kí obìnrin tó wà níta wọlé."

"Kí ni obìnrin náà jẹ́ sí yín, Màmá?"

"Ẹnu wa ni."

Àpèkẹ́ wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ yìí kò lè rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi kó má lóṣòó. Bó bá sunkún, gbogbo ara rẹ̀ á dúdú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dákú lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò fi àdúrà kankan bò ó mọ́lẹ̀.

Dókítà fa ilà pa ohun tó ti kọ. Ó tún gbọ́ àyà ọmọ náà, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Ẹ má gbé e lọ sílé mọ́," ló wí. "Ó wà lára àwọn tí a máa ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mi ò lè ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Nígbà tí wọ́n ti tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, Sìlífátù jáde wá pẹ̀lú omijé. "Àǹtí, gbogbo rẹ̀ lẹ kà lójú ọmọ! Ó gbọ́ ọ!"

Àpèkẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè ló ń bínú báyìí, ó sì sàn kó bínú. Sìlífátù nu ojú, ó padà wọlé tọ ọmọ rẹ̀.

Àjíkẹ́ tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jókòó, Ìyá Bùnmi. Ẹsẹ̀ yín ti wú. Ẹ wò ó, nípa ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú bọ́ọ̀sì yẹn…"

Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó délẹ̀, oorun ti gbé Àpèkẹ́ lọ.